Kómbì Tí Mo Rà Lọ́wọ́ Bàbá Pugh

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ. Cadi, bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ yẹn ló rọ̀ jù. Tudur, dá òòfà ọwọ́ rẹ yẹn padà sápò ná, mo ti rí i látìgbà tí o ti ń fi kan ìdí ilẹ̀kùn mi bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mi ò bínú. Ẹni tó fẹ́ ra kómbì àtijọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mú òòfà dání, torí ibi tí irin bá ti jẹrà tí wọ́n fi àtè dí i tí wọ́n kun ọ̀dà lé, òòfà ò ní mú un. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wo abẹ́ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ tú síta lónìí. Dókítà ní ojú mi méjèèjì ń lọ, ó sì ní ọkàn mi náà kì í ṣe èyí tí èèyàn lè fi ṣèlérí ọdún tó ń bọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi òótọ́ yìí pamọ́, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ẹ jẹ́ kí n gbé omi tíì kaná. Nínú kómbì yìí, a kì í sọ̀rọ̀ owó kí a tó mu tíì. Èmi kọ́ ni mo dá àṣà yẹn sílẹ̀. Bàbá Elwyn Pugh ni, ẹni tó ni ọkọ̀ yìí kó tó di tèmi. Òun àti ọmọ rẹ̀ ni mo ṣẹ̀.

Ẹ má rò pé ojúkòkòrò ló kọ́kọ́ mú mi débẹ̀. Ọ̀fíntótó ni. Ilé ìdáná ilé ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, gbogbo ọ̀sán ni mo sì fi ń bu ọ̀dùnkún fún ọmọ ọlọ́mọ. Tí ìgbà ẹ̀rùn bá dé, tí àwọn oníkómbì tó ń sùn nínú ọkọ̀ wọn bá wá tò sí etíkun, èmi Nesta á máa rìn láàárín wọn bí ẹni tí ajá rẹ̀ sọnù. Mi ò ní ajá. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń sùn sí ni. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń kó ìkòkò pamọ́ sí, mo fẹ́ mọ bí ọkọ àti ìyàwó ṣe ń pààrọ̀ aṣọ níbi tó há tó bẹ́ẹ̀ láì fi ìgúnpá gún ara wọn lójú. Lọ́jọ́ kan mo fi imú mi kan gíláàsì ọkọ̀ kan, mo rò pé kò séèyàn níbẹ̀, àfi bí ọkùnrin kan ṣe dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, pátá nìkan ló wọ̀. Ó ṣí fèrèsé, ó ní, "Màmá, ṣé kí n gbé àga síta fún yín kí ẹ lè rí wa dáadáa?" Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìkòkò ń gbé, inú mi sì dùn délé.

Nígbà tó yá, mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ní ìlú Nefyn pé kómbì kan wà fún títà. Mo fa Gwilym dání, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó máa ń tún katakata ṣe fún àwọn àgbẹ̀, a gun òkè lọ sílé Bàbá Pugh. Bàbá gíga kan ni, fìlà rẹ̀ kì í kúrò lórí. Inú abà ni kómbì náà wà, láàárín oúnjẹ àgùntàn, funfun lókè, àwọ̀ ọsàn nísàlẹ̀, bí ẹ ṣe ń wò ó yìí gan-an. Gwilym kò kí i tán tó fi wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ pẹ̀lú òòfà rẹ̀. Èmi bá ń béèrè iye tí Bàbá fẹ́ gbà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "A kì í sọ̀rọ̀ owó kí a tó mu tíì. Gbé omi kaná, kí n wò ọ́. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún omi tíì, kò ní sùúrù fún ọkọ̀ tí kì í sáré lórí òkè." Ni mo bá tẹ páǹpù kékeré yìí kí omi tú jáde, mo tan iná, mo sì dúró.

Gwilym ké láti abẹ́ ọkọ̀. "Bàbá, òòfà mi ò mú nǹkan kan níhìn-ín o! Ṣé àtè lẹ fi mọ apá ibí yìí ni?" Bàbá Pugh rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni Luned fi gbá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo ń kọ́ ọ lọ́kọ̀. Èmi fúnra mi ni mo dí i. Pásítọ̀ ò tíì mọ ẹni tó wó ògiri náà dòní." Lẹ́yìn náà ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ láì tíì mu ún. Ẹlòmíì ì bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá. Èmi kọ́. Mo ní, "Ta ni Luned, Bàbá?"

Ó ní ọmọ òun kan ṣoṣo ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin bàjẹ́ sójú ọ̀nà, ọmọ náà pẹ́ dé. Ìbànújẹ́ ti da Bàbá lórí rú, ó sì sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lójú gbogbo èèyàn, pé ìyá rẹ̀ ti dúró dè é tó, kó máa padà síbi tó ti ń bọ̀. Ọmọ náà yí padà lóòótọ́. Ó di ọ̀pọ̀ ọdún tí wọn ò gbọ́ ohùn ara wọn. Bàbá nawọ́ sí kọ́tìnnì wọ̀nyí, ó ní, "Ìyá ẹ̀ ló rán an. Inú ọkọ̀ yìí ni Luned ti kọ́kọ́ rìn, ó di bẹ́ẹ̀dì mú títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi níwájú. Òun ni mo fi ọkọ̀ yìí pamọ́ fún. Mo ti rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i pé mo ti darúgbó, tó bá fẹ́ ẹ, kó fóònù mi kí ọjọ́ Ajé Àjíǹde tó kọjá. Tí kò bá pè, màá mọ̀ pé kò fẹ́ rí mi mọ́, màá sì tà á fún ọ." Gwilym ti jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ń nu ọwọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe pè é fúnra yín?" Bàbá ní, "Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, ẹnu mi ò gbà á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mò ń retí, ọmọ. Ohùn ẹ̀ ni."

Ẹ ti gbọ́ báyìí. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ bàbá yẹn.

Kí Àjíǹde tó dé, mo sọ ilé Bàbá Pugh di ọjà. Mo máa gbé kéèkì dání, màá ní mo kàn ní kí n yà. Inú kómbì ni mò ń yà sí. Bàbá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fa àga yìí tó fi ń di bẹ́ẹ̀dì, bí wọ́n ṣe ń ti òrùlé sókè, ìhà tí èèyàn máa kọrí ọkọ̀ sí kí atẹ́gùn òkun má pa iná. Ìbéèrè mi kì í tán. Kí ni ihò yìí wà fún? Ta ló fi ọ̀bẹ ha ibí? Inú rẹ̀ ń dùn láti dá mi lóhùn, mo rò pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní nǹkan kan. Gwilym ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Nesta, ilé ẹ ńkọ́, ṣé o ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn eku?" Ṣùgbọ́n ó tún wò mí, ó ní, "Tí ọmọ yẹn bá pè ńkọ́?" Mo ní kò ní pè. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ kan má pe bàbá rẹ̀. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde pé. Láàárọ̀ ni mo ti débẹ̀. Bàbá ti wọ kóòtù rẹ̀ tó dára, ó ti fá irùngbọ̀n, ó sì jókòó lórí àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Lọ́sàn-án ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ tan ẹ́ńjìnnì kó lè gbóná, torí ó ti pẹ́ tó ti dúró. Ẹ ti gbọ́ bó ṣe ń pariwo lẹ́yìn ọkọ̀, nínú abà ó tún burú sí i, èèyàn ò lè gbọ́ igbe ara rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá ní, "Bá mi tẹ́tí sí fóònù. Tó bá dún, sáré wá pè mí." Mo ní ó dáa.

Ó dún. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni abà sí ẹnu ọ̀nà. Mo tiẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà lákọ̀ọ́kọ́. Àmọ́ mo fẹ́ mọ irú ohùn tí Luned ní. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo kàn fẹ́ mọ̀. Mo gbé e. Obìnrin kan ní, "Dádì?" Mo fi fóònù mọ́ etí dáadáa. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sọ̀rọ̀? Luned ni. Ṣé bàbá mi wà nítòsí?" Mo ní ó jáde. Ó ní, "Kómbì yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?" Mo sì gbọ́ tí ẹnu ara mi ní, "Wọ́n ti tà á." Ó wá béèrè èyí tí mo ṣì ń gbọ́ dòní, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ṣé bàbá mi sọ nǹkan kan nípa mi?" Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ òótọ́, pé kò sọ̀rọ̀ ẹlòmíì ju tìẹ lọ, ó máa wọ ọkọ̀ wá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo wo ìṣó tí wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kọ́ níwájú mi. Mo ní, "Rárá. Kò sọ nǹkan kan." Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ gbọ́.

Bàbá Pugh wọlé, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó jọ pé mo gbọ́ nǹkan." Mo ní, "Àwọn tó ń fi fóònù polówó fèrèsé ni." Ó mi orí. Ó tún jókòó sórí àga rẹ̀, èmi náà sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í, mi ò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà kúrò níbẹ̀. A jẹ bara brith, kéèkì eléso gbígbẹ tí mo gbé wá. Ìgbàkígbà tí nǹkan bá dún, á na ọwọ́ sí fóònù. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo ní kí n tan iná, ó ní rárá, pé iná máa jẹ́ kí òun rí aago. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó títí a ò fi rí ọwọ́ ara wa mọ́. Nígbà náà ló dìde, ó já kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, ó fi sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ó dáa náà. Kò fẹ́ rí mi, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Bá mi tọ́jú ẹ̀, Nesta." Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo san owó rẹ̀, mo gba kọ́kọ́rọ́, mo sì lọ.

Ó yẹ kí inú mi bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà ẹ̀rùn yẹn. Kò bàjẹ́. Mi ò gbádùn ayé mi tó bẹ́ẹ̀ rí, ìyẹn náà wà lára ohun tí mò ń jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kómbì kan ń bọ̀ níwájú mi, ẹni tó ń wà á juwọ́ sí mi gidigidi. Mo rò pé iná ti mú ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Mo dúró, mo sọ̀kalẹ̀, mo yí ọkọ̀ ká, mi ò rí nǹkan kan. Gwilym rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìkíni ni, òpè. Oníkómbì ń kí oníkómbì." Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá juwọ́ sí mi, màá juwọ́ padà. Kì í ṣe oníkómbì nìkan. Ọmọdé, arúgbó, ẹni tó ń kó àgùntàn kọjá, gbogbo wọn ló máa ń juwọ́ sí ọkọ̀ yìí torí àwọ̀ rẹ̀. Mo wá ń ṣe bí ọba.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti Gwilym ń bọ̀ láti ìlú Pwllheli. Obìnrin kan dúró ní ìdíkọ̀ tó wà lẹ́bàá afárá nísàlẹ̀ níbí, ó gbé báàgì kékeré dání. Bó ṣe rí wa, ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo juwọ́ padà, mo tiẹ̀ tẹ fèrè fún un. Gwilym yíjú padà, ó ní, "Ẹni yẹn ń sáré tẹ̀ lé wa o." Mo ní, "Ó fẹ́ràn ọkọ̀ wa ni." A gun òkè lọ, à ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Pugh kú nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀. Mo lọ síbi ìsìnkú, mo sì rí obìnrin ẹ̀bá afárá yẹn nínú aṣọ dúdú, níwájú pátápátá. Lẹ́yìn ìsìn ó wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni kómbì bàbá mi báyìí. Ẹ ò lè mọ̀ mí. Nígbà ẹ̀rùn mo wọ bọ́ọ̀sì wá, mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mo débi afárá, ẹ̀rù ohun tó máa sọ dá mi dúró. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá rí ẹni kan tó lè mú mi gun òkè, màá lọ. Ni mo bá rí ọkọ̀ wa tó ń bọ̀. Mo juwọ́ kí ẹ dúró." Mo ní, "Mo rò pé ò ń kí mi ni." Ó ní, "Mo mọ̀, mà. Ẹ̀bi yín kọ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì padà." Bàbá Pugh ṣì wà láàyè lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin ọmọ. Orí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló jókòó sí.

Ó wá wò mí lójú. Ó ní, "Obìnrin kan gbé fóònù bàbá mi lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. Ṣé ẹ mọ ẹni tó lè jẹ́?" Níbẹ̀ ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Mo ní, "Á jẹ́ Menna. Òun ló máa ń wá bá wọn gbálẹ̀." Menna aládùúgbò, tó ń gbé ọbẹ̀ lọ fún Bàbá nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ẹ̀mí fi bọ́. Luned kọjá lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láì kí i. Menna sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún ọmọ yẹn." Mo ní ìbànújẹ́ ni, kó má gbé e sọ́kàn. Menna náà ti kú báyìí. Gwilym nìkan ló fura, ó béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, mo kígbe mọ́ ọn, kò sì tún wọ kómbì yìí pẹ̀lú mi mọ́.

Cadi, ìwọ lo mú kí n la ẹnu. Nígbà tí mo rí i pé ojú mi ń lọ, mo lẹ ìwé mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù pé mò ń ta ọkọ̀, mo fẹ́ kó kúrò níwájú mi kí n má rò ó mọ́. O wá pè mí lánàá láti béèrè ọ̀nà. O ní, "Mà, ta ló ni í tẹ́lẹ̀? Ṣé ó dùn ún láti tà á?" Ọ̀fíntótó tìẹ náà pọ̀. Mo ní nǹkan ń jó lórí iná, mo gbé fóònù sílẹ̀. Kò sí nǹkan lórí iná. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, mo sunkún, mo sì pe Luned lórí nọ́ńbà tó kọ fún mi lọ́jọ́ ìsìnkú. Mo ní, "Èmi ni mo gbé fóònù lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. Menna kọ́. Bàbá rẹ ní kí n sáré wá pe òun tó o bá pè." Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ì bá bú mi, kò bú mi. Ohun kan ló béèrè, ó ní, "Títí di ìgbà wo ló jókòó ti fóònù?" Mo sọ fún un nípa iná tí kò jẹ́ kí n tàn. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màá wọ bọ́ọ̀sì wá lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà wà níbẹ̀." Kò sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì ní ẹnu láti béèrè.

Nítorí náà ẹ má bínú, ẹ wá láti ọ̀nà jíjìn fún ohun tí kì í ṣe tèmi láti tà. Ti Luned ni. Tó bá ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, òun lẹ máa bá dúnàádúrà, ẹ̀yin lẹ sì máa gbé omi tíì kaná fún un. Ẹ ṣì kéré. Ẹ ó ra nǹkan púpọ̀ láyé yín, ẹ ó sì fẹ́ àwọn kan nínú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú yín ò ní rí ẹlòmíì mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ rántí èmi Nesta. Tí ẹ bá sì ráyè bá mi bẹ̀ ẹ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Gba kọ́kọ́rọ́, Tudur. Ojú mi ò lè gbé mi dé ìsàlẹ̀ mọ́, bọ́ọ̀sì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Jíà kejì máa ń ṣagídí, fi sùúrù fà á. Tí ẹ bá pàdé oníkómbì lọ́nà, ẹ kí i. Ṣùgbọ́n obìnrin kan máa wà ní ìdíkọ̀ lẹ́bàá afárá, irun rẹ̀ á ti máa funfun báyìí. Tó bá rí ọkọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kó juwọ́. Ẹ má juwọ́ padà. Ẹ dúró.